Má Tíì Fi Ọ̀dà Bò Ó

Ìbéèrè

Ìdílé kan ní Bódìjà ń kó lọ sí Kánádà, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé wọn. Mo ra àga kan tó ní apá onígi àti kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi ní igi ìdáná ni mo rà. Àga náà máa ń mì téèyàn bá jókòó, fóòmù rẹ̀ sì ti rún. Ara kọ́bọ́ọ̀dù dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kun méjèèjì ní ọ̀dà funfun bí mo ṣe ń rí i lórí Instagram, kí n sì fi àdìrẹ bo àga náà. Owó ọwọ́ mi ò tó pe káfíńtà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyàwó ilé, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú ìnáwó. Bá mi sọ fún ọkọ rẹ pé kó ní sùúrù díẹ̀. Igi gidi ni wọ́n sábà máa ń fi kan irú àga tó o sọ yẹn láyé àtijọ́: ìrókò, ọ̀gànwó, ọ̀mọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní tuntun báyìí, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi àtè pò pọ̀ ni. Tí omi bá kàn án, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Nítorí náà, kó o tó ra ọ̀dà, dojú àga náà délẹ̀. Mú abẹ, fi họ abẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, kó fẹ̀ tó èékánná. Bí ohun tó yọ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí àga náà sì wúwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrókò. Bó bá pupa, ó lè jẹ́ ọ̀gànwó. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ọ̀dà funfun bo irú igi bẹ́ẹ̀. Ìrókò ní oje kan nínú tó máa ń la ọ̀dà kọjá. Mo ti kun irú rẹ̀ rí fún oníbàárà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún un kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni àbàwọ́n aláwọ̀ tíì yọ jáde. Ìgbà tá a fi síílà dí i lójú ló tó gbà. Bó o bá rí i pé pákó àlẹ̀mọ́ ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kùn ún bó ṣe wù ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ihò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kò gbọ́dọ̀ dúró. Má tíì gbé e wọ yàrá. Gbá a lẹ́yìn dáadáa kí ìyẹ̀ àtijọ́ dà nù, nù ún, kó o wá gbé e lé ìwé ìròyìn tó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó o bá rí ìyẹ̀ tuntun lórí ìwé, àwọn ajẹgi ṣì ń jẹun. Ra oògùn kòkòrò igi, fi sírínjì fún un sínú ihò kọ̀ọ̀kan níta gbangba, kó o sì wọ ìbọ̀wọ́.

Ní ti àga, bọ́ aṣọ àti fóòmù rẹ̀ kúrò níta. Ìdun lè wà níbẹ̀, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀. Yẹ gbogbo oríkèé igi náà wò pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Fóòmù ni kó o jù nù. Aṣọ yẹn, bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kó o tọ́jú rẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ìmì tí àga náà ń mì, ìṣó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré sí. Má kan ìṣó. Ó máa ń la igi, oríkèé á sì tún tú. Fa oríkèé tó dẹ̀ yọ, ha àtè àtijọ́ kúrò títí igi á fi hàn, kó o wá fi àtè funfun tí àwọn káfíńtà ń lò pa á, kó o sì kì í bọ ààyè rẹ̀. Fi okùn yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lẹ́ẹ̀mejì, fi àkísà sábẹ́ okùn kó má baà dá ọgbẹ́ sí igi lára. Ki igi kékeré kan sáàárín okùn náà, máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún omi aṣọ. Wàá rí àtè tó ń yọ lẹ́nu oríkèé bí omi ojú. Nù ún kíá, torí ibi tí àtè bá gbẹ sí kì í gba pọ́líìṣì. So igi yẹn mọ́ ẹsẹ̀ àga, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù lè jẹ́ òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ ọdún gbọọrọ. Fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ tó o fún dáadáa nù ún ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kán spírítì sí òwú, fi ra igun kan. Bí pọ́líìṣì bá ń yọ́ mọ́ òwú, spírítì yẹn náà lè nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, má fi sáńpépà gbígbẹ kàn án. Òjé lè wà nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé, ọpọlọ ọmọdé ni òjé sì máa ń bà jẹ́.

Bí kò bá sí ọ̀dà, fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ra igi, kó o wá fi 220 parí rẹ̀, máa bá ìlà igi lọ. Bo imú, ìyẹ̀ ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń ká èèyàn láyà. Fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta dára ju èyí tó ki lẹ́ẹ̀kan lọ. Má ṣe é lọ́jọ́ òjò. Ọ̀rinrin á jẹ́ kó funfun bí ẹni da omi ẹ̀kọ lé e lórí.

Ó wá ku àdìrẹ rẹ. Tú ojú rírán aṣọ àtijọ́ yẹn, tẹ́ ẹ lórí àdìrẹ, gé e bó ṣe rí: ìdí tí mo fi ní kó o tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Kó o tó gé e, fọ àdìrẹ nínú omi tútù títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí aró má baà ran aṣọ funfun àlejò. Fi aṣọ tó le díẹ̀ tẹ́ ẹ nínú, torí òwú àdìrẹ fẹ́lẹ́ fún ìjókòó ojoojúmọ́.

Nígbà tó o bá ti fi abẹ họ abẹ́ àga náà, kọ̀wé sí mi, kí n mọ igi tó jẹ́.