ARIWO TÓ WÀ NÍLẸ̀ KÍ OLÙKỌ́ TÓ LA ẸNU

Ní ìpàdé wa kan, bàbá tí a pè láti bá wa sọ̀rọ̀ ní, "Ìṣẹ́ kò dára fún ọmọ ènìyàn." Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, fáànù ń yí lókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó sẹ́yìn kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ìfẹ́ kò dára." Àwọn tí wọ́n dàgbà ní Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Haúsá ni a ṣì í gbọ́. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín pé a kò gbọ́ Yorùbá. Ṣé òótọ́ ni, àbí iyàrá náà ni kò jẹ́ kí a gbọ́? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a ṣe ń wọn ariwo

Ariwo abẹ́lẹ̀ ni èyí tó ń bẹ nínú iyàrá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, inú iyàrá tó ṣófo ni a ti ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú fáànù àti ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dẹ́síbẹ̀lì, tí a ń kọ ní dB, ni òṣùwọ̀n rẹ̀. A kì í rò ó pọ̀ bí ẹni ń ka ọsàn: jẹnẹrétọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 dB yóò di 63, kì í ṣe 120.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń tó nǹkan bí 60 dB ní mítà kan sí i. Ní gbangba, bí a bá sún sẹ́yìn dé mítà méjì, ó di 54. Ní mítà mẹ́rin, 48. Nínú ilé, ògiri a máa dá díẹ̀ padà. Bí ariwo abẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 50, ó ti bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ fẹ́ kí ohùn olùkọ́ fi 15 dB ju ariwo lọ. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ariwo inú kíláàsì má ju 35 dB lọ.

Ìwọ̀n NC

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ tán. Ní 1957, Leo Beranek, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n NC jáde. Ó pín ariwo sí ọ̀nà mẹ́jọ, láti orí èyí tó ń kùn nísàlẹ̀ ní 63 Hz dé èyí tó ń han lókè ní 8000 Hz. Etí a máa fara da ìkùn ìsàlẹ̀ ju ìhan òkè lọ. Ìdí nìyí tí NC-30 fi gba 57 dB láyè ní 63 Hz, ṣùgbọ́n 29 péré ní 2000 Hz. NC-25 sí NC-30 ni wọ́n sábà ń fẹ́ fún kíláàsì. Bí iyàrá kan bá wà lábẹ́ NC-30 níbi gbogbo, tó wá jẹ́ 34 dB ní 2000 Hz, NC-35 ni a ó pè é. Ibi tó burú jù ni a fi ń ṣe ìdájọ́.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀ jù?

Fáwẹ̀lì lágbára, òun ló sì ń gbé ohùn ọ̀rọ̀. Kọ́ńsónáǹtì bí "f" àti "ṣ" kò lágbára, òkè ni ìró wọn sì wà. Ariwo tètè ń gbé wọn mì. A gbọ́ ohùn "ìṣẹ́" bó ti yẹ. "Ṣ" rẹ̀ ni ó bọ́ sọnù. Ẹni tí èdè mọ́ lára yóò fi òye dí àlàfo náà. Ọmọdé àti ẹni tó ń kọ́ èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iyàrá tó tó fún ọmọ Ọ̀yọ́ lè má tó fún wa.

Nítorí náà, kí a tó pe ẹnìkan ní olódo, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí a pa fáànù tí a kò nílò, kí a sì fi àga iwájú sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ èdè.

Ìdánrawò

1. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 dB, dB mélòó ni gbogbo wọn?
2. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ ní 60 dB. O wà ní mítà mẹ́rin sí i ní gbangba. Ariwo jẹ́ 40. Ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ tó?

Ìdáhùn: 1. 66. 2. Ó fi 8 péré jù ú, kò tó.