Àbúrò Mi, Jẹ́ Kí Iyùn Rẹ Jọ Ara Rẹ̀ Nínú Fọ́tò

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlẹ̀kẹ̀ lórí WhatsApp.

Ọmọ kan tó ń múra ìgbéyàwó rí fọ́tò iyùn tí mo gbé sórí status mi. Iyùn náà pupa fòò bí ẹ̀yinná. Ọjọ́ náà gan-an ló sanwó. Nígbà tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀, tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó pè mí. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí kọ́ lẹ fi hàn mí." Bẹ́ẹ̀ iyùn kan náà ni. Alẹ́ ni mo yà á, lábẹ́ gílóòbù tó ń pọ́n rúsúrúsú ní yàrá mi, mo sì tún fi fóònù bu pupa kún un. Mo gba ọjà padà, mo dá owó rẹ̀ fún un, àmọ́ ohùn ọmọ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé fọ́tò tó jọ ìlẹ̀kẹ̀ ni kéèyàn máa wá. Bí o bá ti rí èyí tó jọ ọ́ dáadáa, ẹwà ò ní wọ́n níbẹ̀.

Má sì rò pé owó ńlá ló ń ṣe é. Igun ilé kan, tábìlì tí kò ju èyí tí ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, páálí kan, aṣọ funfun kan àti fóònù ọwọ́ rẹ ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Fèrèsé ni kó o kọ́kọ́ wá

Rìn yí ilé rẹ ká láàárọ̀, kó o wá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, àmọ́ tí oòrùn fúnra rẹ̀ kì í ta sí. Oòrùn tó bá ta sára ìlẹ̀kẹ̀ tààrà á mú kí ibì kan funfun báláú, kí òjìji ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Bó bá jẹ́ fèrèsé olóòrùn nìkan lo ní, fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta á. Ìmọ́lẹ̀ náà á rọ̀, á sì tàn ká.

Gbé tábìlì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ọwọ́ òsì tàbí ọwọ́ ọ̀tún wá. Bó bá ti ẹ̀yìn rẹ wá, ara rẹ á ṣíji bo ọjà. Filáàṣì inú fóònù ńkọ́? Pa á, má sì tún tàn án mọ́. Iwájú gangan ló ti ń tàn, ó sì máa ń jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ tó rí róbótó dà bí ohun pẹlẹbẹ.

Èmi máa ń ya tèmi láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ dáadáa, àmọ́ eruku yẹn kan náà á ti bà sórí ìlẹ̀kẹ̀ kó o tó yí ojú padà. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́.

Kó o tó tẹ bọ́tìnnì, pa gbogbo gílóòbù yàrá náà. Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀, Kelvin ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500, gílóòbù rúsúrúsú wà ní nǹkan bí 2700. Bí méjèèjì bá pàdé lórí iyùn kan, fóònù ò lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan á pọ́n, apá kejì á ṣe bí aró. Gílóòbù rúsúrúsú nìkan ló wà ní yàrá tèmi lóru ọjọ́ yẹn; òun àti pupa tí mo bù kún un ló sọ iyùn náà di ẹ̀yinná.

Bí alẹ́ nìkan lo bá ráyè, ra gílóòbù LED méjì tó jẹ́ irú kan náà. Wo ara páálí rẹ̀: 5000K sí 5500K ni kó o mú, kí CRI rẹ̀ sì tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. CRI yẹn ló ń sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ á fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí. Iná oníbátìrì tí à ń tàn nígbà tí iná bá lọ sábà máa ń fà sí búlúù, nítorí náà má fi ya iyùn.

Ilé kékeré tí a fi páálí kọ́

Mú páálí Indomie tó ṣófo. Gé ojú fèrèsé ńlá sí apá òsì, sí apá ọ̀tún àti sí orí rẹ̀, àmọ́ fi etí rẹ̀ sílẹ̀ yí ká kó má bàa wó. Fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ funfun mọ́ ojú ibi tó o gé. Nínú rẹ̀, mú káádíbọ́ọ̀dù funfun gígùn kan, lẹ orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páálí lókè, kó o jẹ́ kó rọra tẹ̀ wá síwájú. Má ká a. Bí kò bá ti sí ibi tó ṣẹ́, ojú ò ní rí ìlà kankan lẹ́yìn ọjà.

Gbé apá kan páálí kọjú sí fèrèsé. Sí apá kejì, fi káádíbọ́ọ̀dù funfun mìíràn dúró, kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ṣókùnkùn. Ìwọ̀nba nǹkan yìí ti gbọ́ bùkátà.

Ohun tó o máa tẹ́ sábẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ní láárí kì í pariwo. Kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà má pariwo. Àǹkárá olódòdó àti àdìrẹ oníṣẹ́ ọnà á máa bá ọjà du ojú oníbàárà. Funfun àti àwọ̀ eérú ló dára jù. Bó o bá fẹ́ kí ìyàwó rí bí iyùn ṣe máa rí lórí aṣọ òkè rẹ̀, ya ìyẹn lọ́tọ̀.

Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀

Àbúrò mi, ibí yìí ni kó o ti fetí sílẹ̀ jù.

Iyùn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá nínú òun. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá, kó o lè rí bó ṣe rí róbótó, kí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sì gba orí hóró kọ̀ọ̀kan kọjá. Ìlà yẹn ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn. Rántí àwọn tó ń lọ òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní làǹtànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́: ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán an títí táá fi máa kọ mọ̀nà. Bí fọ́tò rẹ ò bá fi dídán hàn, ó ti pa iṣẹ́ ẹni tó dán an rẹ́.

Góòlù àti fàdákà dà bí dígí: ohun tó bá wà níwájú wọn ni wọ́n ń gbé wọ̀. Bó o bá wọ bùbá pupa ya òrùka, òrùka náà á pọ́n. Bí ògiri rẹ bá jẹ́ búlúù, fàdákà á mú un. Wọ funfun tàbí dúdú lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ ya wọ́n. Gé ihò tó tó ojú kámẹ́rà sáàárín káádíbọ́ọ̀dù funfun, kó o gba ibẹ̀ ya fọ́tò náà, kí funfun lè jẹ́ ohun tí òrùka ń rí. Lẹ́yìn náà, fi páálí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dúdú yẹn á fa ìlà sí etí góòlù, góòlù ò sì ní sọnù sínú funfun.

Kírísítà àti ìlẹ̀kẹ̀ dígí fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni kó o ti tàn án sí wọn. Kírísítà tí wọ́n gé ojú sí lára tún fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó mú, kó lè máa kọ mànà.

Ọwọ́ rẹ àti fóònù rẹ

Fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà, nítorí òróró ìka ló máa ń jẹ́ kí fọ́tò ṣú. Má fi ìka méjì fẹ ojú fóònù láti fa ọjà súnmọ́ra, àwòrán á fọ́. Bí fóònù rẹ bá ní kámẹ́rà 2x, sún sẹ́yìn díẹ̀ kó o lò ó. Fóònù tó bá sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí hóró iwájú tóbi ju àwọn yòókù lọ.

Gbé fóònù lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kó o fi agolo méjì gbè é. Fi aago ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí i, kí títẹ̀ rẹ má bàa mì í. Lẹ́yìn náà, tẹ ojú ìlẹ̀kẹ̀ lórí fóònù, kó o fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí fóònù á fi dì í mú. Kámẹ́rà gbà pé gbogbo ohun tó wà láyé kò funfun jù, kò sì dúdú jù. Ìdí nìyẹn tí káádíbọ́ọ̀dù funfun rẹ fi ń dà bí eérú. Lórí funfun, fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà díẹ̀. Lórí dúdú, dín in kù.

Kí ẹnu má ya oníbàárà

Ya mẹ́rin fún ọjà kọ̀ọ̀kan: gbogbo ẹ̀gbà, hóró mélòó kan nítòsí, ọ̀kan lọ́rùn èèyàn, ọ̀kan pẹ̀lú rúlà. Kọ mìlímítà rẹ̀ síbẹ̀, má sọ pé "ó tóbi". Bí iyùn bá ní ihò wẹ́wẹ́ tàbí ìlà lára, jẹ́ kó hàn. Inú òkun ni iyùn ti hù, bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó ṣe ń rí nígbà míì. Kó o tó fi ránṣẹ́, gbé fóònù àti iyùn jọ lójú fèrèsé, wo méjèèjì. Bí àwọ̀ ò bá bára mu, tún un yà.

Má sì fi ọtí kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyùn kó lè dán fún fọ́tò. Ó ń jẹ ẹ́ lára. Lọ́fíńdà náà ò dára fún un. Aṣọ rírọ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Màmá àgbà mi ní ìlẹ̀kẹ̀ dígí kan tí à ń pè ní sẹ̀gi, tó máa ń gbé sókè lójú fèrèsé, mi ò sì mọ ohun tó ń wò. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ dígí láyé àtijọ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló rí. Lára irú sẹ̀gi àtijọ́ wọ̀nyẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ta sí iwájú wọn, aró ni wọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn wọn, wọ́n á ṣe bí ewé tútù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé sẹ̀gi màmá sínú ilé páálí mi, tí mo tan ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́yìn, mo rí ohun tó ń wò.

Lọ́la, mú èyí tó o fẹ́ràn jù nínú ọjà rẹ. Ya á níwájú, ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ya á lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ ibi tó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá.