Bátìrì Ínfátà: Òtútù Kọ́ Ni Ọ̀tá Rẹ̀ N'Íbàdàn, Ooru Ni

Ẹni tó bá rìn láti Ọjà'ba, tó gba ẹsẹ̀ òkè Mápó kọjá sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ tí kò síná, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló máa sìn ín dé ibi tó ń lọ. Aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ta ohun mímu tútù, kálukú ló gbé tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìṣirò àwọn oníṣòwò ti yí padà. Epo tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó náírà 200 fún lítà kan lé ní náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí ẹyọ kan.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kó owó àjọ tàbí owó tí wọ́n yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé ínfátà, sólà àti bátìrì. Nínú gbogbo rẹ̀, bátìrì ló sábà máa ń gbówó lórí jù, òun náà ló sì tètè ń bàjẹ́ bí wọ́n bá rà á láìmọ̀ ọ́n tàbí tí wọ́n so ó bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú kó tó san gbèsè tán ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Kí oníṣòwò tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bátìrì, kó kọ́kọ́ ka ohun tó ń lo iná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan ń tẹ̀wé ní Bẹẹrẹ. Ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tó ń jẹ wáàtì 130, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń jẹ 60, fáànù kan tó ń jẹ 60, àti gílóòbù márùn-ún tó ń jẹ 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300. Bó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, 300 lọ́nà 6 jẹ́ 1,800. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà ohun tó máa jáde látinú bátìrì tó 2,000.

Lára bátìrì, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń kọ: fóòtì àti Ah. Ẹni tó bá fi ọ̀kan lọ́nà èkejì á mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Bátìrì olójé, ìbáà jẹ́ olómi tàbí gbígbẹ, tí wọ́n kọ 12V 200Ah sí lára, 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kò fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì. Ẹni tó bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni. Ìdajì 2,400 jẹ́ 1,200, kò tó atẹ̀wé yìí. Méjì ló máa tó o.

Bátìrì lítíọ́mù 12V tí wọ́n ń lò fún ínfátà sábà máa ń gbé fóòtì 12.8. Tí ó bá jẹ́ 200Ah, 2,560 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìṣe é léṣe, ìyẹn 2,048. Ẹyọ kan ṣoṣo tó iṣẹ́ náà. Bátìrì olójé tí wọ́n ń lò dé ìdajì lójoojúmọ́ sábà máa ń lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́nà mélòó kan. Lítíọ́mù tó dára máa ń kọjá ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹni tó bá wo iye tí wọ́n pè é nìkan lè rò pé olójé ló pọ̀ lérè. Kó pín owó náà sí iye ọjọ́ tí bátìrì máa lò kó tó pinnu.

Bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà so bátìrì méjì pọ̀. Èkíní ni síríìsì. Bí òkúta tọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń to ara wọn nínú tọ́ọ̀ṣì ni: orí pọ́sítíìfù ọ̀kan fara kan orí nẹ́gẹ́tíìfù èkejì. Fóòtì ló ń lé sí i. 12 méjì di 24, ṣùgbọ́n 200Ah ṣì wà ní 200Ah. Èkejì ni párálẹ́ẹ̀lì: pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Ó dà bíi táǹkì omi méjì tí wọ́n fi páìpù so pọ̀ nísàlẹ̀. Omi kò ga sí i, ó kàn pọ̀ sí i ni. Fóòtì wà ní 12, Ah di 400. Lọ́nà méjèèjì, 4,800 náà ni àpapọ̀ wọn.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Wáyà ni. Ẹni tó bá gbé áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,200 sórí bátìrì 12V ń fa áńpù 100 gba inú wáyà. Lórí 24V, áńpù 50 ni. Bí áńpù bá dín sí ìdajì, ooru inú wáyà kan náà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ínfátà ńlá kì í fi í lo 12V. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò gbọdọ̀ dé ìdí bátìrì. Áńpù 100 ń fẹ́ wáyà tó nípọn tó 25 tàbí 35, kó sì kúrú.

Nínú párálẹ́ẹ̀lì, àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Oníṣẹ́ á mú wáyà méjèèjì tó ń lọ sí ínfátà lórí bátìrì àkọ́kọ́. Bátìrì yẹn ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, òun ló sì ń kọ́kọ́ kú. Kí wọ́n mú pọ́sítíìfù lórí bátìrì àkọ́kọ́, kí wọ́n mú nẹ́gẹ́tíìfù lórí èyí tó kẹ́yìn, iṣẹ́ á pín dọ́gba. Wọn kò gbọdọ̀ so tuntun mọ́ ògbólógbòó, tàbí olójé mọ́ lítíọ́mù. Kí wọ́n tó so wọ́n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kún. Kì í ṣe gbogbo lítíọ́mù ni wọ́n lè so ní síríìsì. Ìwé tó bá a wá ló máa sọ.

Èyí tó ń yá ara rẹ̀ gbóná

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ènìyàn máa ń so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn láti fi rìnrìn àjò, bátìrì lítíọ́mù ló sì ń tan iná inú òmíràn nínú wọn. Nígbà òtútù níbẹ̀, omi á dì. Tí wọ́n bá fi iná kún lítíọ́mù nígbà tí òtútù ti wọ ìsàlẹ̀ 0, lítíọ́mù kò ní ráyè wọlé síbi tó yẹ, á lẹ̀ mọ́ ara ojú ibẹ̀ bí ìpẹtà, bátìrì náà kò sì ní bọ̀ sípò mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ohun tó ń mú un gbóná sínú àwọn kan.

Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí n'Íbàdàn. Àárọ̀ ọyẹ́ tó mú jù kò sún mọ́ 0. Ẹni tó bá fi owó kún owó nítorí pé bátìrì ń yá ara rẹ̀ gbóná ti ra aṣọ òtútù fún ẹni tó ń làágùn. Kò ní pa bátìrì lára, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ kankan.

Ooru ni kí oníṣòwò sá fún. Ìwọ̀n 25 ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ayé bátìrì olójé. Bí ooru bá fi 10 lé sí i, ọjọ́ ayé náà á dín sí nǹkan bí ìdajì. Lítíọ́mù náà ń tètè gbó nínú ooru. Ó lè gbóná gan-an lábẹ́ páànù ní Ọjà'ba lọ́sàn-án. Kí bátìrì wà nílẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kó jìnnà sí páànù, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ibi tí oòrùn ń pa. Bátìrì olómi ń tú èéfín tó lè gbiná jáde bó bá ń gba iná, kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa tàbí nítòsí ààrò.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ilé Mápó àti Beyerunka fara kínra. Iná ṣọ́ọ̀bù kan lè di ti àdúgbò. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì gan-an, orí bátìrì kò sì gbọdọ̀ mì. Ibi tó bá tú díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pọ́n.

Ẹni tó bá pààrọ̀ olójé sí lítíọ́mù, kó rí i pé wọ́n yí ínfátà àti ṣájà sólà sí ti lítíọ́mù, kí ó má lé ní fóòtì 14.6 fún bátìrì 12.8, kí wọ́n sì pa ohun tí wọ́n ń pè ní "equalise". Ètò tó ń ṣe olójé láǹfààní lè pa lítíọ́mù.

Ní ti bátìrì tòkunbọ̀, iye tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ni ẹ̀rí. Kí wọ́n kún un, kí wọ́n gbé ẹrù tí wọ́n mọ wáàtì rẹ̀ lé e, kí wọ́n sì ka wákàtí. Èyí tí wọ́n pè ní 200Ah, tó sì kú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta lórí wáàtì 300, kì í ṣe 200Ah mọ́. Kí ẹni tó ń tà á kọ ìdánilójú rẹ̀ sórí rìsíìtì, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.