Kí Ló Ń Sọ Inú Kóró Kòkó Di Búráùn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi kòkó kọ́ kẹ́mísírì lónìí, torí ní Ìdànrè níbí, ta ni ò mọ kòkó?

Lọ́dún tó kọjá, a nílò owó kíákíá nílé wa. Ọjọ́ 3 péré ni kòkó wa lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí màmá mi fi tú u, tí a sá a. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á fi ọ̀bẹ la kóró rẹ̀ wò, inú rẹ̀ ṣì jẹ́ elésè àlùkò. Ó ní kò tíì kan dáadáa, ló bá já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó dun màmá mi gan-an. Ìgbà tí a dé orí redox ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èròjà kan wà nínú kóró kòkó tó ń jẹ́ epicatechin. Ó wà lára ohun tó ń mú kóró tútù korò. Tí a bá bo kòkó fún bí ọjọ́ 5 sí 7, ooru àti ásíìdì á pa kóró náà, epicatechin á wá pàdé ẹ́ńsáìmù. Bí a ṣe ń yí i padà tí a sì ń sá a, ọ́síjìn á wọlé:

epicatechin → quinone + 2H⁺ + 2e⁻
O₂ + 4H⁺ + 4e⁻ → 2H₂O

Quinone yìí ló ń so mọ́ purotéènì, tó ń di búráùn, ìkorò á sì dínkù.

Ṣé ẹ rí i pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan kọ́ ló kúrò? Púrótọ́ọ̀nù (H⁺) bá a lọ. Báwo la ṣe mọ̀? Àwọn onímọ̀ ń fi iná wọ̀n ọ́n. Ní 25°C, bí pH bá fi 1 gòkè, fọ́ltéèjì tí irú èròjà yìí fi ń yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ á fi nǹkan bí 59 mV wálẹ̀. Iye yẹn ló fi hàn pé H⁺ àti e⁻ dọ́gba. Ká ní H⁺ ò bá a lọ ni, pH ò ní yí i padà báyẹn.

Bákan náà ni ti practical wa:

MnO₄⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H₂O

Ẹni tó bá gbàgbé ásíìdì á rí MnO₂ búráùn nínú flask rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbàgbé 8H⁺ nínú ìdánwò ti pàdánù máàkì.

Ẹ dán èyí wò nílé: ẹ gé ìkàn sí méjì, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ọ̀kan. Èyí tó ní ọsàn á pẹ́ kó tó pọ́n, torí fítámì C ń dá 2H⁺ àti 2e⁻ padà fún quinone.

Lọ́dún yìí, ọjọ́ 6 la fi bo kòkó wa. Mo la kóró 10 wò fúnra mi, 8 nínú wọn ló ti pọ́n. Màmá mi ní, "Ìwé tí ò ń kà yìí ti ń wúlò o."

Ìbéèrè: epicatechin mélòó ni ọ́síjìn 3 lè gba H⁺ àti e⁻ lọ́wọ́ wọn? Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.