Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Lérè: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Ẹni Tí Kò Lè Sáré Tete Tijú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Ohun tí ó ń lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà jáde nílé ní ìdájí lóde òní kò fara sin rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àtọ̀gbẹ ni, ọ̀rá àpọ̀jù ni, ìbẹ̀rù àrùn rọpárọsẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ó dára kí ènìyàn dìde láti sá fún àwọn ọ̀tá wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó dìde ni kì í pẹ́ padà sí orí ìjókòó, nítorí pé wọ́n kò mọ irú eré tí ó yẹ kí wọ́n sá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin ẹni ọdún 48 kan tí oníṣègùn òyìnbó sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, pé kí ó máa ṣe eré ìmárale. Ó ra bàtà tuntun, ó sì gba pápá ìṣeré lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kò tíì yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi ré e kọjá. Ìyá àgbà kan tí ó ju ọmọ 60 ọdún lọ náà ré e kọjá. Ojú tì í, ó fi ipá mú ara, ó ki eré mọ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 3, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojúgun ń dùn ún, òòyì sì ń kọ́ ọ. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé, bàtà náà ti wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbi tí ó wà.

Ohun tí ó lé ọkùnrin yìí padà sílé ni ìtìjú. Ara rẹ̀ lè sáré. Eré ẹlòmíràn ni kò lè sá. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí ènìyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n eré tirẹ̀, kí ó gbà á tọkàntọkàn, kí ó sì máa gbádùn rẹ̀.

Kí ni eré jẹ́jẹ́?

Eré jẹ́jẹ́ ni eré tí ènìyàn ń sá tí ó ṣì lè bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ geere. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ọ̀nà ìdánwò kan tí kò gba owó, tí kò sì gba ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń sáré tí ẹ lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, ìwọ̀n yín dára. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni ẹ lè sọ kí èémí tó já, eré náà ti le jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ lè fi díẹ̀ kún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òǹkà mọ̀ ọ́n lè yọ iye ọdún rẹ̀ kúrò nínú 220. Èyí ni ìdíwọ̀n iye ìgbà tí ọkàn lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fún ẹni ọdún 50, ó jẹ́ 170. Eré ìmárale tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, ni èyí tí ó mú kí ọkàn lù ní ìwọ̀n bí ìdá 64 sí 76 nínú 100 iye yìí. Fún ẹni ọdún 50 náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà 109 sí 129 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdíwọ̀n lásán ni èyí, nítorí ara ò dọ́gba. Bákan náà, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ó ń dín lílù ọkàn kù, nítorí náà kí ẹni tí ó ń lo oògùn gbára lé ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ ju òǹkà lọ.

Ní ilẹ̀ Japan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hiroaki Tanaka ti Yunifásítì Fukuoka lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ àwọn ènìyàn ní irú eré yìí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìwọ̀n rẹ̀ ni niko-niko, èyí tí í ṣe ẹ̀rín músẹ́ ní èdè wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn sáré níwọ̀n tí yóò fi lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ. Ìgbà mìíràn wà tí eré náà kò yá ju ìrìn lọ, síbẹ̀ eré ni, nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní kúkúrú, iṣan itan àti ti ìdí sì ń ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń rìn lọ.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara

Nígbà tí a bá ń sáré jẹ́jẹ́ déédéé, ọkàn ń lágbára sí i, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń pọ̀ sí i. Nítorí èyí, kò ní láti lù púpọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń sinmi. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó wà nínú iṣan ń pọ̀ sí i, àwọn ibi tí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára nínú iṣan sì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ara ń kọ́ bí a ti ń lo ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí epo. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń rí ibi wọlé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oorun sì ń dùn.

Ẹ̀wẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ra pẹ̀lú eré sísá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun, oríkèé àti àwọn iṣan líle tí ó so ẹran ara mọ́ eegun máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ́ra. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń gùn ṣe máa ń rò pé òun ti lè fò, tí orúnkún tàbí gìgísẹ̀ yóò sì dá a dúró. Eré jẹ́jẹ́ ń fún àwọn ẹ̀yà ara tí kò tètè gbọ́n ní àyè láti bá àwọn yòókù.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2014, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti tẹ̀lé àgbàlagbà 55,137 fún nǹkan bí ọdún 15. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń sáré kò tètè kú bí àwọn tí kì í sáré: ewu ikú fún ìdí yòówù fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 kéré sí tiwọn, ti ikú nípa àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 45 kéré. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn tí ń sá ìṣẹ́jú 5 sí 10 péré lójúmọ́, tí eré wọn kò sì tó kìlómítà 10 ní wákàtí kan, náà jẹ nínú àǹfààní yìí. Lóòótọ́, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi hàn pé eré nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí ẹni tí ń sáré lè máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó fi yé wa pé kò di dandan kí ènìyàn yára bí àṣá kí ó tó jèrè.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìmárale ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Àjọ náà sì fi kún un pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ.

Àwọn tí ó ti tọ ọ̀nà náà

Ní ọdún 1962, Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ṣe àbẹ̀wò sí Arthur Lydiard ní ilẹ̀ New Zealand. Lydiard yìí ni ó kọ́ Peter Snell àti Murray Halberg tí wọ́n gba góòlù ní ìdíje Olympics ti Róòmù ní ọdún 1960. Síbẹ̀, ó tún ń kó àwọn ará ìlú jọ láti máa sáré jẹ́jẹ́, títí kan àwọn tí àrùn ọkàn ti kọlù rí. Nígbà tí Bowerman bá wọn jáde, àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ ré e kọjá, èémí rẹ̀ sì já. Kò bínú, kò sì sá padà sílé bí ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ó fi ara balẹ̀ kọ́ ọ, ó sì gbé ẹ̀kọ́ náà lọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ẹ tún wo Fauja Singh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Toronto, èyí tí í ṣe kìlómítà 42 lé díẹ̀, ní ẹni tí a kà sí ọmọ 100 ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 11 ni ó fi sá a. Ẹni tí ó gba ipò kìíní ti dé ilé, ó ti jẹun, ó ti sinmi kí bàbá náà tó dé. Síbẹ̀, bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba.

Kódà àwọn tí ó yára jù lọ kì í fi ojoojúmọ́ sá eré àsápajúdé. Àwọn tí ń sá eré ọlọ́nà jíjìn lágbàáyé máa ń fi ìrọ̀rùn sá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbáradì wọn. Bí ẹni tí ń fi eré sísá jẹun bá ń ṣe jẹ́jẹ́, kí ni ó kan àwa tí ìlera nìkan ni à ń wá?

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó ti tó ọdún 40 tí kì í ṣe eré ìmárale, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kí ó kọ́kọ́ rí oníṣègùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ó ti ń sáré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín wọn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kí ara lè gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 4, kí ẹ sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ sáré fún 2. Ní ọ̀sẹ̀ 5 àti 6, ẹ rìn fún 2, kí ẹ sáré fún 3. Ní ọ̀sẹ̀ 7 àti 8, ẹ rìn fún 1, kí ẹ sáré fún 4. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá fi ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un ní ọjọ́ méjì mìíràn, ìṣẹ́jú 150 ti pé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le fún yín, ẹ tún un ṣe. Kò sí ẹni tí yóò gba àmì lọ́wọ́ yín.

Ìṣísẹ̀ yín kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èjìká dẹ̀, kí ojú máa wo iwájú. Ẹ jáde kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Bí ó bá di dandan kí ẹ sáré lójú pópó, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, ẹ wọ aṣọ tí ó tàn, ẹ má sì fi ohunkóhun dí etí. Fauja Singh tí a dárúkọ lókè kò kú sórí eré. Ọkọ̀ ni ó gbá a nígbà tí ó ń sọdá títì ní ìpínlẹ̀ Punjab ní oṣù Keje ọdún 2025.

Bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èémí bá já lọ́nà tí kò wọ́pọ̀, tàbí bí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìtọ́jú. Ìrora oríkèé tí ó bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń sáré kì í ṣe ohun tí à ń fara dà.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, gígùn ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí a ṣe lánàá àti oorun tí a sùn, gbogbo wọn ni ó ń sọ bí eré ẹnì kan yóò ti rí. Ẹni tí ó ń fi eré ẹlòmíràn wọn tirẹ̀ kò lè ní ìtẹ́lọ́rùn láéláé, nítorí ẹni tí ó yára jù ú kò ní tán. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi wọn ara yín ni ẹni tí ẹ jẹ́ lóṣù tí ó kọjá. Ǹjẹ́ ẹ lè gun àtẹ̀gùn láìdúró? Ǹjẹ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ ń sùn dáadáa? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí ni àmì ẹ̀yẹ yín.

Ẹni tí ó bá sì ń sáré jẹ́jẹ́ ń rí ohun tí olùsáré tete kì í rí: ìró ẹyẹ ìdájí, òórùn àkàrà ní ìkóríta, ará àdúgbò tí ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó lè dá wọn lóhùn, nítorí pé èémí rẹ̀ kò já. Ayọ̀ yìí ni yóò mú un jáde lọ́la, ìjáde ọ̀la ni yóò sì mú ìlera wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí bàtà yín bá wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ nù ún, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ré yín kọjá, ẹ yà fún un, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.