Dóńgóyárò fún Kòkòrò Ajẹwé Àgbàdo

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Oríire, Ṣúrùlérè, Ogo-Olúwa àti gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo wa ní àjẹrun yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA kéde pé ó ti wọ Nàìjíríà, Benin àti Tógò. Fall armyworm ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀: àmì funfun kan wà níbẹ̀ bíi lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Nítòsí ìdí rẹ̀, ẹ ó rí àmì dúdú mẹ́rin tó tò ní igun mẹ́rin.

Òru ni àfòpiná tó ń bí i máa ń fò wọ oko. Ẹyin tó ń yé sójú kan lára ewé lè lé ní 100. Bí ẹyin bá pa, ojú ewé ni àwọn ọmọ á kọ́kọ́ máa ha jẹ. Bí wọ́n bá gbó díẹ̀, wọ́n á wọ àárín ewé tuntun tó wé mọ́ra, wọ́n á sì fi ìgbẹ́ ara wọn dí ẹnu ọ̀nà. Tó bá ti débẹ̀, agbára káká ni oògùn fi máa ń kàn wọ́n, ìbáà ṣe olówó ńlá. Ìgbà tí wọ́n ṣì kéré ló yẹ ká bá wọn jà. Bí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa yẹ ewé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa.

Oògùn tó bá ìgbà èwe wọn mu wà nítòsí wa. A mọ ewé dóńgóyárò fún àgbo ibà, ṣùgbọ́n hóró inú èso rẹ̀ lágbára ju ewé lọ fún iṣẹ́ yìí. Azadirachtin tó wà nínú rẹ̀ máa ń mú kí ewé sú kòkòrò í jẹ, kì í sì í jẹ́ kó lè bọ́ awọ bó ṣe ń dàgbà. Kì í pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń fín in lónìí, tí wọ́n á rí kòkòrò láàyè lọ́la, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ewé tuntun ni kí ẹ wò: ṣé wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́?

Ẹ ṣa èso tó pọ́n tó já bọ́, ẹ fọ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sá kóró rẹ̀ sí ibòji. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Inú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kí ẹ kó o sí, ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ pa èèpo rẹ̀, ẹ gún hóró, kí ẹ rẹ gíráàmù 50 sínú omi lítà kan. Gíráàmù 800 ló máa tó pọ́ǹpù lítà 16. Ẹ má sè é. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ fín in, ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kó wọ àárín ewé dáadáa. Ẹ tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, tàbí bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ.

Dóńgóyárò nìkan kọ́ ni ewé tí a lè fi bá kòkòrò jà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì LAUTECH níbí ti dán ewé ojúsàjú àti igi Tephrosia wò lórí kòkòrò ẹ̀wà. Tephrosia náà ni wọ́n máa ń gún sódò láti fi pa ẹja, nítorí náà ẹ má fọ pọ́ǹpù tí ẹ fi fín oògùn ewé kankan sínú odò Ọbà tàbí omi mìíràn. Pé nǹkan jẹ́ ewé kò sọ pé kò lè ṣeni léṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, kí odó tí ẹ fi gún oògùn má sì jẹ́ odó oúnjẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu ọ̀tapíápíá mọ́ omi dóńgóyárò yín. Yóò pa àwọn èèrà àti agbọ́n tó ń bá wa jẹ kòkòrò náà, ó sì léwu fún ẹ̀yin tí ẹ ń fín in. Bí èso dóńgóyárò bá ti ń já bọ́ lọ́dún yìí, ẹ ṣa tiyín pamọ́ kí àgbàdo tó hù.