Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí Olùbánisọ̀rọ̀ Bá Ti Lọ Tán

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó ẹ̀kọ́ wa, kí a fi pe ọ̀kan nínú àwọn olùbánisọ̀rọ̀ tí ń kọ́ni bí ènìyàn ṣe lè yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. A kò bá wọn wí o. Ìjà ilẹ̀ ọdún 2025, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n níbí àti ní Ìlobùú, ba ọjà jẹ́, ó sì ba ọkàn jẹ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá bà jẹ́ á fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e dìde. Ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni. Kí a tó dìbò lé e, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń yí ènìyàn padà, àbí ohun tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà?

A kò ní lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1949 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀kọ́ jáde lọ bá àwọn àgbàlagbà ní ìlú wọn. Robert Gardiner, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka yìí ni Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó dé Nàìjíríà ní 1950. Òun kò jókòó sí Ìbàdàn. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú tó fẹ̀gbẹ́ kan tiwa yìí, kó tó lọ fìdí kalẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1957 ó tẹ ìwé jáde lórí àwọn ère igi tó rí ní Ìlobùú. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó wá kọ́ni ló kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ará ìlú, tó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ní 1962, òun àti Dúró Ládípọ̀ ṣí ilé kan sí Òṣogbo fún eré àti iṣẹ́ ọnà. Mbari ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, orúkọ Ìgbò sì ni. Àwọn ará Òṣogbo kò bá orúkọ jà, wọ́n kàn sọ ọ́ di tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, bí èèyàn bá rí i, á yọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti ọdún 1964, tí Georgina Beier darí.

Ta ni àwọn tó wá? Jimoh Buraimoh, tó ń bá ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ ṣètò iná mànàmáná. Muraina Oyelami ará Ìragbìjí, òṣèré nínú ẹgbẹ́ eré náà, tó ti ṣiṣẹ́ nílé epo rí. Twins Seven-Seven, tó ń bá olóògùn kiri, tó ń jó kí èrò lè pé yí ọjà wọn ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà mọ irú wọn dáadáa! Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ náà parí, bí gbogbo irú rẹ̀ ṣe ń parí. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, oníná ìbá padà sídìí iná rẹ̀, oníjó ìbá padà sẹ́yìn olóògùn, wọn ìbá kàn máa sọ pé àwọn gbádùn ọjọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì. Georgina ń fún wọn ní bébà àti ọ̀dà, wọ́n ń padà wá, ó ń wo iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àdàkọ ara wọn. Wọ́n ń bá wọn wá ibi tí a óò ti pàtẹ iṣẹ́ náà àti ẹni tí yóò rà á. Nígbà tó yá, Buraimoh ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ adé ọba láti ayébáyé. Nígbà tí tọkọtaya Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìparí 1966, àwọn ọmọ náà ti lè dá dúró. Ní 2005, àjọ UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ó kú ní 2011, ọdún kan náà tí Beier kú.

A kò ní parọ́ fún yín: àwọn tó wá pọ̀ ju àwọn tó dúró lọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí àwòrán kan bá ti tà, òun náà ni wọ́n á máa yà títí. Ìyẹn náà wà lọ́jà wa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ irú tiwa sílẹ̀ ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, mọ èyí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ náírà méjì ààbọ̀, bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, nínú ọgọ́rùn-ún èrè fún ẹ̀kọ́. Iyàrá ìwé ni wọ́n ná an sí, ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ lè padà sí lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Nítorí náà, àbá ti ìgbìmọ̀ nìyí. Bí a bá máa pe olùbánisọ̀rọ̀, kí ìdajì owó náà dúró nílẹ̀ fún ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kí a pín ara wa ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, aláṣọ pẹ̀lú aláṣọ, ẹlẹ́lùbọ́ pẹ̀lú ẹlẹ́lùbọ́, kí ẹni tó mọ ìṣirò wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pàdé lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà.

Kí ni wọn yóò máa kọ́? Ẹ gbọ́ èyí. Ìyá kan ra ọjà ₦40,000, ó tà á ní ₦46,000, ó ní òun jèrè ₦6,000. Owó ọkọ̀ ńkọ́? ₦2,500. Alábàárù, ₦800. Ọ̀rá, ₦700. Oúnjẹ tó jẹ lọ́jà, ₦1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦5,200. ₦800 péré ló kù lọ́wọ́ ìyá, òun sì ti fi ₦2,000 ra ẹran lọ sílé nínú “èrè” náà. Owó ọjà ló jẹ yẹn. Bí irú rẹ̀ bá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò sunkún. Kò sí àtẹ́wọ́ tó lè tún èyí ṣe, àfi kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹlòmíràn sì máa bá a wò ó.

Ìbò yóò wáyé ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní àbá tó sàn ju tiwa lọ, kó múra sílẹ̀ láti sọ ọ́. Kí olúkúlùkù kọ títà àti ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan péré sínú ìwé, kó mú un dání wá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó bẹ ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́.